Bí Ẹja Òkun Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbé Wálé Bá Kọ Oúnjẹ

Ẹja yìnyín ni mo ń tà nítòsí ọjà Ìgbónà, ní Òṣogbo níbí. Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti ń gé títù, ṣàwá, kótè àti pańla tó dì gbagidi bí òkúta. Bí mo bá délé lálẹ́, ẹja mìíràn ló ń dúró dè mí ní pálọ̀, òun ni mo sì máa ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹun. Àwọn oníbàárà mi tó mọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Ẹlẹ́ja, òkú lẹ̀ ń tà, alààyè lẹ̀ ń bọ́!" Mo máa ń sọ fún wọn pé ìlú tó ń pe ọba rẹ̀ ní Àtáọ́ja, ìyẹn Atẹ́wọ́gbẹja, kò yẹ kí irú ẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ni táńkì náà. Nígbà tó jápa, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi, lítà 200, omi iyọ̀, clownfish méjì nínú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kàn máa fún wọn lóúnjẹ ni." Clownfish yẹn kò yọ mí lẹ́nu lóòótọ́, kò sóhun tí wọn kì í jẹ. Ìgbà tí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja kún un ni ojú mi rí nǹkan. Nínú mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ rà, méjì kú láìfi ẹnu kan nǹkan kan.

Ohun tí mo ti wá mọ̀ nìyí: ẹja tó kọ oúnjẹ kì í ṣe alágídí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á, ó lè jẹ́ pé omi ni kò bá a lára mu, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ rárá pé oúnjẹ ni ohun tí ẹ jù sí i. Bí mo ṣe tò ó yẹn náà ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Oúnjẹ ló ń kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ, wọ́n á ra oríṣi mẹ́fà, wọ́n á dà á sómi, omi á bàjẹ́, ẹja á kú, wọ́n á ní ẹja náà ló burú.

Kí ẹ tó sanwó

Èkó ni èmi ti ń rà á, òkèèrè ni àwọn tó ń tà á sì ti ń kó o wọlé. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fún ẹja náà lóúnjẹ lójú yín. Bí wọ́n bá ní "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, Mà," ẹ ní kò burú, ẹ máa padà wá lọ́la. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, owó mi bómi lọ. Bó bá jẹ ẹ́, ẹ béèrè orúkọ ohun tó jẹ, kí ẹ sì ra díẹ̀ lára rẹ̀ dání. Ẹ tún wò ó láti iwájú. Bí ikùn rẹ̀ bá ti wọnú, tí ẹran ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti gbẹ tó rí pẹlẹbẹ bí abẹ, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Àwọn kan wà tí n kò ní gba aláìmọ̀kan níyànjú pé kó rà. Mandarin jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń rìn lórí òkúta ni ó ń ṣa jẹ látàárọ̀ dalẹ́, táńkì kékeré tuntun kò sì lè ní iye tó máa yó o. Ebi á máa pa á díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Moorish idol náà bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fọ́n sáyánáìdì sínú òkúta òkun kí ẹja lè dákú, kí wọ́n lè rí i mú. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè dúró dáadáa lójú, kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kó kọ́kọ́ jẹun lójú yín.

Ọjọ́ tó dé

Látìgbà tí wọ́n ti di ẹja sí ọ̀rá ní Èkó títí tí yóò fi dé Òṣogbo, ó ti mí sínú omi yẹn, ó ti yàgbẹ́ sí i. Èémí tó ń mí síta ń jẹ́ kí omi inú ọ̀rá kan díẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí amóníà, ẹ̀gbin tó ń ti ara rẹ̀ jáde, ta á. Ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá tú ọ̀rá, gáàsì á fẹ́ jáde, ìkan omi á lọ sílẹ̀, amóníà á di májèlé lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń tú ọ̀rá, tí wọ́n ń kán omi táńkì sí i fún wákàtí méjì, oore tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ẹja kọ́ nìyẹn.

Èmi máa ń gbé ọ̀rá náà léfòó láìtú u fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ooru omi méjèèjì lè bára mu. Lẹ́yìn náà mo tú u, mo gbé ẹja náà jáde sínú táńkì kékeré, mo da omi ọ̀rá nù. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, iyọ̀ omi méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Táńkì ńlá mi wà ní 1.025 lórí ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ omi. Ọ̀pọ̀ olùtajà kì í jẹ́ kí tiwọn ga tó bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ wọ́n, kòkòrò àrùn kò sì fẹ́ràn omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Mo máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ kan ṣáájú láti béèrè, màá po omi táńkì kékeré náà sí iye tí wọ́n bá sọ, màá sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún.

Táńkì kékeré yìí, lítà 40 ni, kò sí iyanrìn, kò sí òkúta. Fómù fílítà rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú táńkì ńlá kó tó débẹ̀, kí àwọn kòkòrò rere tó ń jẹ amóníà lè ti di mọ́ ọn. Páìpù àwọn pọ́ḿbà, èyí tó tẹ̀ kọ̀rọ̀, ni mo gé sínú rẹ̀ kí ẹja lè rí ibi sá sí. Ẹja tó mọ̀ pé òun ní ibi tí òun lè sá sí ló máa ń láyà láti jáde. Mo fi àdìrẹ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta gíláàsì náà. Òṣogbo ìlú aró ni, àdìrẹ kò wọ́n mi. Mo pa iná orí rẹ̀. N kì í fún un ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síbẹ̀ wò ó. Ọmọ kékeré ilé wa kan wà tó máa ń kan gíláàsì gbàgbàgbà bí ẹni tó fẹ́ wọlé onílé; ọdọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni a máa ń gbé e lọ bí ẹja tuntun bá dé.

Omi kọ́kọ́, oúnjẹ tẹ̀ lé e

Oṣù Ẹrẹ́nà ní Òṣogbo, NẸ́PÀ mú iná lọ láago kan ọ̀sán, tẹ̀mómítà ń fi 31 hàn. Ẹja náà dúró sí igun kan, ó ń mí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ sínú, ẹni tí kò rí èémí mí kò sì ní rántí àmàlà. Láàárín 24 sí 27 ni mo fẹ́ kó wà. Ọgbọ́n mi ni pure water: mo máa ń kó méjì, mẹ́ta tó ti dì láti inú fíríìsà mi, n kì í já a, màá gbé e léfòó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí omi má baà tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù tó bá ń fẹ́ sójú omi náà ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n omi á máa gbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá a gbẹ. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi dí ohun tó gbẹ. Omi iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń dà sí i ní tèmi, títí tí mo fi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan tí mo sì pariwo.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì fẹ́ atẹ́gùn sómi. Bí iná bá lọ lóru tí ẹ kò mọ̀, òun ni yóò gba ẹ̀mí ẹja yín là.

Amóníà gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Nínú táńkì kékeré, ojoojúmọ́ ni mo ń dán an wò. Bí àwọ̀ oògùn tí mo fi ń dán an wò bá yí padà báyìí, mo ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, mo ti fi tuntun sí i.

Ẹlòmíràn á ní òun kò ní táńkì kékeré, inú ńlá ni òun ń gbé ẹja lọ tààrà. Ó dára, ẹ ṣọ́ àwọn onílé. Damselfish kékeré kan lè lé àlejò sí igun kan tí kò ní jẹ́ kó jáde títí ó fi kú. Apẹ̀rẹ̀ ike oníhò tí a fi ń ṣan ìrẹsì ṣiṣẹ́ dáadáa fún irú èyí: ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi ẹja tuntun sínú rẹ̀ lábẹ́ omi, wọ́n á máa wo ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta láìlè bu ara wọn ṣán. Dígí náà ṣiṣẹ́. Mo gbé e ti ara gíláàsì níta, oníjà náà ń bá òjìji ara rẹ̀ jà, àlejò rí àyè jẹun.

Oúnjẹ tó ń mira

Ní òkun, kò sẹ́ni tó ń fọ́n hóró oúnjẹ gbígbẹ sí ẹja. Ohun tó bá mira ni oúnjẹ lójú rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, ohun alààyè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Tanwíjí ni èyí tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi òjò kan wà lẹ́yìnkùlé mi. Mo máa ń fi asẹ́ tíì kó wọn, màá fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, màá sì fi bíi mẹ́wàá sómi. Omi iyọ̀ á pa wọ́n láìpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kú, wọ́n á máa ká, wọ́n á máa nà, ojú ẹja á sì là. Dúrọ́ọ̀mù tí ọṣẹ tàbí oògùn apakòkòrò kò dé rí ni kí ẹ lò. Ẹ sì máa kó o tán pátápátá ní ọjọ́ méjì-méjì, torí bí wọ́n bá hu ìyẹ́, èmi àti ẹ̀yin àti aládùúgbò la jọ máa ra oògùn ibà.

Èkejì ni Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ tín-tìn-tín tó jọ edé, tí wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ kò ní láti lọ sí Èkó nítorí rẹ̀. Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ ń fi í bọ́ ọmọ ẹja wọn, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹja ní ìlú yìí ń tà á. Ẹ là á mọ́lẹ̀ pé èyí tó ń pa lẹ fẹ́. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tó ti kú, inú agolo tó jọra ló sì wà. Mo fi ọjọ́ méjì gbáko ṣọ́ irú ẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń pa á nìyí. Mo gé ìdí ike omi lítà kan àtààbọ̀, mo dojú ike náà délẹ̀, ọmọrí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo da omi lítà kan sí i pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30, irú iyọ̀ tí mo ń po fún táńkì. Ẹyin náà kò ju ìlàjì ṣíbí tíì lọ. Mo ki rọ́bà atẹ́gùn bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ pátá, kí omi máa hó láìdúró, kí ẹyin kankan má baà rí ìdí ike jókòó sí. Mo tan gílóòbù kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ooru wa níbí, kó tó pé wákàtí 24, omi tó dúdú ràkọ̀ràkọ̀ á ti di pípọ́n bí omi tí wọ́n fọ ìgò epo sí.

Ẹ wá pa atẹ́gùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèpo á léfòó. Èyí tí kò pa á rì sídìí. Àwọn ọmọ alààyè á lọ kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ tí iná wà, wọ́n á máa jó. Ẹ rọra tú ọmọrí ìsàlẹ̀ díẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ kán ni èyí tí kò pa, ẹ dà á nù. Èyí tó pọ́n tó tẹ̀ lé e ni ẹ máa fi áńkáṣíìfù funfun gbà. Kí èèpo tó dé, ẹ ti dì í pa, torí èèpo lè dí ìfun ẹja kékeré. Ẹ ṣàn án, ẹ fà á sínú síríńjì tí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ rọra tì í jáde nítòsí imú ẹja. Ọjọ́ tó pa gan-an ni kí ẹ lò ó, torí oúnjẹ tó gbé wá láti inú ẹyin kì í pẹ́ tán lára rẹ̀.

Ẹja ńlá kò ní ka nǹkan kékeré yẹn sí. Àwọn tang, tó jẹ́ pé ewé ni wọ́n ń jẹ, ewé òkun gbígbẹ ni kí ẹ fi rọ́bà dè mọ́ òkúta fún wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún

Copperband butterflyfish ni. Funfun ni, ìlà àwọ̀ ọsàn já a kọjá, ojú irọ́ dúdú kan wà lápá ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ sì gùn sọnsọ bí ohun tí a fi ń yọ ẹ̀gún. Mo fún un ní tanwíjí, ó fi ojú kan wò ó, ó yà kúrò. Mo fún un ní Artemia, kò wo ibẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kẹta, àyà mi já, mo ṣe ohun tí ẹ̀yin kò gbọdọ̀ ṣe. Mo mú títù láti ṣọ́ọ̀bù, mo rún un kúnnákúnná, mo dà á sí i. Kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rá ti bo ojú omi yànmàkàn bí ọbẹ̀ ata. Atẹ́gùn kò ráyè wọlé, ẹja náà wá sókè, ó ń gbé omi hàn-ìn hàn-ìn. Mo fi bébà ìnùwọ́ nu ojú omi náà, mo pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru. Èmi tí mo ń ta títù láti ọdún yìí wá, mi ò rántí pé epo ni títù!

Ìgbà tí mo jókòó tì í lẹ́yìn náà ni mo tó fara balẹ̀ wo ẹnu yẹn. Ẹnu tí a dá báyẹn, ihò àti pàlàpálá òkúta ni wọ́n dá a fún, ibẹ̀ ló ti ń fa aràn jáde. Ohun tó ń fò kiri lójú omi, kò kàn án.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ìkarahun òkun sí oúnjẹ adìyẹ, mo ní kí wọ́n bá mi wá odindi kan. Mo fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́. Mo gé edé tútù tí a kò sè, tí a kò fi iyọ̀ sí, wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìkarahun náà dáadáa, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu páìpù. Mo pa ẹ̀rọ tó ń ti omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lókèèrè.

Ó jáde. Ó dúró gẹ́gẹ́, ó fi ojú ọ̀tún wò ó, ó yípo, ó fi tòsì wò ó. Ó na ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó sún mọ́ ọn tó ìka kan, ó padà sẹ́yìn. Ó tún wá. Ó sọ ẹnu sí i lẹ́ẹ̀kan, ó fa ẹyọ kan yọ, mo ní "yéè!" Ó tu ú jáde.

Inú mi bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ mi ló kéré. Ẹja tó bá ti gbé nǹkan sẹ́nu tó tu ú, ó ti kúrò ní ẹni tó kọ oúnjẹ; ó ń tọ́ ọ wò ni. Ẹ má yí oúnjẹ padà nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tu mẹ́ta, ó gbé ẹyọ kan mì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, n kò kà á mọ́.

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀

Díẹ̀díẹ̀, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi rọ́bà fà á jáde. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ po òkú oúnjẹ mọ́ alààyè: mysis (ẹ̀dá òkun kékeré tó jọ edé) tó dì, tàbí edé tí ẹ gé, kí ẹ tan ẹ̀rọ omi díẹ̀ kó lè máa mì. Ẹ máa dín alààyè kù lójoojúmọ́. Edé nìkan kò tó o, ohun kan wà nínú edé tútù tó ń ba fítámì B1 jẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti aáyù tí gbogbo ènìyàn ń pariwo pé ó ń ṣí ẹja lọ́kàn sí oúnjẹ, mo ti rún un sí i títí, ilé mi rùn, n kò rí ẹja kan tó tìtorí rẹ̀ yí ọkàn padà. Clownfish kékeré tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju aáyù lọ. Ẹja a máa wo ara wọn ṣe.

Ẹja tó sanra lè lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, kí ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá funfun tó ń fà bí òwú, tí ikùn ń wọlé, tàbí tí ó ń mí kíákíá nígbà tí omi dára, àìsàn nìyẹn. Ẹ wá ẹni tó mọ oògùn ẹja. Ẹ má ṣe fọ́ Flagyl inú dúrọ́ọ̀ yín sómi ní àbá.

Ìgbà tí ó ti pé oṣù kan tí copperband náà ti ń jẹun ni mo gbé e lọ sí táńkì ńlá. Mo gbé ìkarahun yẹn tẹ̀ lé e. Mo fi edé sínú rẹ̀, mo gbé e sí igun tí iná kò pọ̀ sí, kí ẹja náà tó jáde nínú apẹ̀rẹ̀ ike. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ṣàjèjì sí i, àfi ìkarahun náà. Ibẹ̀ ló lọ tààrà.